Ẹ́ńjìnì Tó Gbó: Ṣé Ká Tún Un Ṣe Ni, Tàbí Ká Pààrọ̀ Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ sísọ fún àwọn ẹbí ibùdó àgbẹ̀ ní àgbègbè Ìbíní

Ọ̀rọ̀ wa lónìí kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti irúgbìn. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ń kó ẹrù wa wọ Ìbíní ni.

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò dá ọkọ̀ ní. Ẹbí mẹ́rin tàbí márùn-ún a máa pawọ́ pọ̀ ra píkọ́ọ̀pù kan. Nígbà tí ẹ́ńjìnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá gbó, ìjà lè dé. Àwọn kan á ní kí a tú u kí a tún un ṣe. Àwọn mìíràn á ní kí a lọ ra tòkunbọ̀ ní Uwelu. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ wà nílẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí a ti hú kì í dúró de àríyànjiyàn: láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú.

Ìmọ̀ràn wa kò ju ẹyọ kan lọ: kí ẹnikẹ́ni má dá owó títí a ó fi tú ẹ́ńjìnì náà wò, tí a ó sì fi ìwọ̀n mọ ohun tó jẹ nínú rẹ̀. Ohun tí ìwọ̀n bá sọ ni kí a ṣe.

Kí a tó tú u rárá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó gbó lóòótọ́. Èéfín á sọ díẹ̀ fún wa. Bí ó bá dúdú, epo ló ń pọ̀ jù. Bí ó bá funfun tí kò dáwọ́ dúró, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín kù, ó ṣeé ṣe kí gáàsíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Bí ó bá ní àwọ̀ aró, ọ́ìlì ló ń jó nínú sílíńdà. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ti pẹtiróòlù, kí mẹkáníìkì fi gééjì wọn agbára ìfúnpọ̀ sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá rẹlẹ̀ sí àwọn yòókù, kí ó da ọ́ìlì díẹ̀ sínú rẹ̀ láti ojú ihò púlọ́ọ̀gì, kí ó tún un wọ̀n. Bí agbára náà bá gòkè, ríìngì tàbí ara sílíńdà ló jẹ. Bí kò bá gòkè, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ fáàfù tàbí gáàsíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà náà, orí ẹ́ńjìnì nìkan la ó ṣí. Ọ̀pọ̀ ẹni ló ti ra odindi ẹ́ńjìnì nítorí àìsàn tí kò kọjá orí.

Bí ó bá wá jẹ́ pé abẹ́ ló jẹ, ibi mẹ́ta ni kí a wò. Èkíní ni búlọ́ọ̀kù. Bí ó bá ti sán, kí a má náwó lé e lórí. Èkejì ni kránkì, ìyẹn irin tí ń yí nísàlẹ̀ tí àwọn písítìnì ń tì. A lè gé ojú rẹ̀ kí ó dán, kí a sì fi bẹ́árìn tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i. Iye tí wọ́n gé kúrò ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní 10, 20 tàbí 30. Ìdá ẹgbẹ̀rún íǹṣì kan ni wọ́n ń kà. Bí a bá ti gé e dé òpin, tí kò sí bẹ́árìn tó bá a mu mọ́, kránkì náà ti parí. Ẹ̀kẹta ni ihò sílíńdà: ṣé ó ṣì yípo dáadáa, àbí ó ti fẹ̀ jù?

Irú ọkọ̀ tí a ní náà ṣe pàtàkì. Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna ní 1975, ní sílíńdà tí a lè fà yọ. Bí ó bá jẹ, a ó ra sílíńdà àti písítìnì tuntun, a ó kì wọ́n bọ ihò, láìgé búlọ́ọ̀kù rárá. Nítorí náà, títún irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ ṣe sábà máa ń mọ́gbọ́n wá, bí kránkì bá dára. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota, ihò náà wà lára búlọ́ọ̀kù gan-an. A ní láti gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ ihò, kí a sì ra písítìnì tó tóbi jù. Bí kò bá sí oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó mọṣẹ́ nítòsí, pípààrọ̀ lè sàn jù.

Ní ti tòkunbọ̀, láti ìgbà tí owó náírà ti wálẹ̀ ní 1986 ni ọjà rẹ̀ ti gbilẹ̀ nílẹ̀ wa. Nígbà tí náírà tún wálẹ̀ ní June 2023, tòkunbọ̀ pàápàá gbówó lórí. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kì í pẹ́ kí ọkọ̀ tó padà sójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ó ti ṣe ifá kó má hu ìwà èkùrọ́: tòkunbọ̀ tí wọ́n fọ̀ títí tó ń dán, ẹlòmíràn ló ti lò ó rí. Kí a tó sanwó, kí a fi ọwọ́ yí i, kí a yọ ìdérí orí rẹ̀ láti wo bóyá ọ́ìlì ti di ẹrẹ̀, kí a sì fi gééjì wọn sílíńdà rẹ̀. Kí ọjọ́ ìdánwò wà nínú rìsíìtì, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ́ńjìnì. Nọ́ńbà yìí ni a ó mú lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì mọ́tò kí wọ́n yí ìwé ọkọ̀ padà, kí ọlọ́pàá má baà dá wa dúró lójú ọ̀nà.

Nígbà tí a bá ń ṣírò owó, kí a má ka ti mẹkáníìkì nìkan. Ká ní ọkọ̀ wa ń ná Ìbíní lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, tí títún un ṣe yóò sì gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìrìn mẹ́sàn-án la pàdánù nìyẹn. Owó ọkọ̀ tí a ó háyà fún ìrìn mẹ́sàn-án náà, kí a fi kún un. Bí iṣẹ́ náà bá lè dúró de ìgbà tí ẹrù kò pọ̀, kí a mú un dé ìgbà náà. Kí a sì yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò: bí férémù bá ti jẹrà, bí a tún ẹ́ńjìnì ṣe tàbí bí a pààrọ̀ rẹ̀, òfò ni.

Lẹ́yìn títún un ṣe, kí dẹ́rẹ́bà rọra wà á fún nǹkan bí 1,000 kìlómítà, láìdi ẹrù wúwo, kí a sì tètè pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, kí ẹni tó wọn ẹ́ńjìnì má jẹ́ ẹni tí yóò ta òmíràn fún wa. Kí a kọ ohun tí ó rí sínú ìwé, kí a kà á sí etí gbogbo àwọn tó ní owó nínú ọkọ̀, títí kan àwọn ìyá tí ń yan gàrí, nítorí òógùn tiwọn náà wà níbẹ̀. Nígbà náà ni kí a tó dá owó.

Ọlọ́run á mú wa kórè dé ọjà.