Chennai, Olú-Ìlú Ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ní Ilẹ̀ Íńdíà

Lórí ètò wa ti òní, ìlú kan ní òkè òkun ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Chennai ni orúkọ ìlú náà, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà. Àwọn ìyá wa tí wọ́n mọ aṣọ dáadáa kò ní ṣàì mọ èyí tí a ń pè ní jọ́ọ̀jì. Ohun tí àwọn onímọ̀ nípa aṣọ ń sọ ni pé láti ara odi Fort St George, tí ó wà ní ìlú yìí gan-an, ni orúkọ aṣọ náà ti wá. Nítorí náà, Chennai kì í ṣe àjèjì sí wa pátápátá. Aṣọ rẹ̀ ti wọ agbo ijó lọ́dọ̀ wa kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Madras ni gbogbo ayé ń pe ìlú yìí tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1639 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tí a mọ̀ sí East India Company gba ilẹ̀ létí òkun lọ́wọ́ ìjòyè tí ó ń ṣàkóso àdúgbò náà, tí wọ́n sì kọ́ odi síbẹ̀. Inú odi yìí ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà wà títí di òní. Ní 1969 ni wọ́n yí orúkọ ìpínlẹ̀ náà padà kúrò ní Madras sí Tamil Nadu, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ àwọn Tamil. Ní 1996, olú-ìlú náà fúnra rẹ̀ di Chennai. Èdè Tamil ni èdè àwọn onílẹ̀, èdè àtayébáyé ni, wọn kì í sì í fi í ṣeré.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti rí. Etí òkun Bengal ni ìlú náà wà. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ga ju òkun lọ. Odò méjì, Cooum àti Adyar, ni ó la ìlú kọjá lọ sínú òkun. Òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún tó nǹkan bí 1,400 mìlímítà, èyí kò sì kéré rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jẹ́ pé láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án ni apá tí ó pọ̀ jù ní Íńdíà máa ń rí òjò tiwọn, òjò àrọ̀kúrò, ti oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá, ni Chennai gbójú lé jù. Bí ó bá rọ̀ ní àrọ̀jù, ìyọnu ni. Bí ó bá sì kọ̀ tí kò rọ̀, ìyọnu ni.

Ní ti iye ènìyàn, nígbà ìkànìyàn 1901, àwọn ará ìlú náà lé díẹ̀ ní 500,000. Nígbà tí yóò fi di 2011, wọ́n ti lé ní 4,600,000. Ní ọdún 2011 yìí kan náà ni ìjọba fẹ ààlà ìlú tí ilẹ̀ rẹ̀ fi ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí a bá ka àwọn ìlú kéékèèké tí ó so mọ́ ọn kún un, àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ti ju 10,000,000 lọ báyìí.

Kí ni ó ń fa gbogbo ènìyàn wọ̀nyí wá? Iṣẹ́ ni. Èbúté ọkọ̀ ojú omi wà níbẹ̀. Láti 1955 ni wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ ojú irin ní Perambur. Mọ́tò tí wọ́n ń ṣe ní ìlú náà àti agbègbè rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń fi í wé ìlú Detroit ti Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ awọ kò gbẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ sinimá ní àdúgbò Kodambakkam. Láti nǹkan bí ọdún 2000 ni àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti tò lọ bẹẹrẹ ní apá gúúsù ìlú. Àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ pẹ̀lú lókìkí, àní àwọn aláìsàn láti Nàìjíríà níhìn-ín ń lọ gba ìtọ́jú níbẹ̀.

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyí. Ilẹ̀ tí gbogbo ilé àti iṣẹ́ wọ̀nyí wà, lọ́wọ́ ta ni a ti gbà á? Lọ́wọ́ omi ni. Àwọn baba ńlá àwọn Tamil ti mọ̀ pé òjò oṣù mẹ́ta ni wọn yóò fi jẹ ọdún. Wọ́n gbẹ́ adágún káàkiri, èyí tí wọ́n ń pè ní eri, wọ́n sì tò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kún, èyí tí ó ṣẹ́ kù yóò ṣàn lọ sínú èkejì. Ní àwọn ọdún 1920 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi adágún gígùn kan gbẹ láti fi tẹ àdúgbò Theagaraya Nagar dó. Ọjà ńlá ni ibẹ̀ lónìí. Ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, òpópónà kan ṣì ń jẹ́ Lake View Road, ìyẹn ni pé ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ yóò máa wo adágún. Adágún kò sí mọ́. Orúkọ nìkan ni ó kù. Ní gúúsù ìlú, àbàtà Pallikaranai, tí ó máa ń fa omi ọ̀gbàrá mu bí kànìnkànìn, ti dín kù gidigidi nítorí ilé àti ọ̀nà.

Àwọn àgbà ní omi kì í gbàgbé ojú ọ̀nà rẹ̀. Ní ìparí 2015, òjò ńlá rọ̀, odò Adyar kún àkúnya, omíyalé dé, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn sì kú ní ìpínlẹ̀ náà. Kò pé ọdún mẹ́rin lẹ́yìn èyí tí ọ̀rọ̀ fi yí padà. Òjò àrọ̀kúrò 2018 kò tó nǹkan. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹfà 2019, adágún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ìlú gbára lé, Poondi, Cholavaram, Red Hills àti Chembarambakkam, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán pátá. Àwọn ìyá tò sẹ́yìn ọkọ̀ agbómi pẹ̀lú kórobá lọ́wọ́. Àwọn ilé oúnjẹ kan ti ilẹ̀kùn. Ní oṣù Keje, ọkọ̀ ojú irin ni ìjọba fi ń pọn omi láti Jolarpet, ibi tí ó ju 200 kìlómítà lọ.

Èyí kò túmọ̀ sí pé wọ́n káwọ́ gbera. Láti 2003 ni òfin ti pàṣẹ pé kí gbogbo ilé máa darí omi òjò láti orí òrùlé sínú ilẹ̀, kí omi kànga má baà gbẹ. Láti 2010 ni wọ́n sì ti ń sọ omi òkun di omi mímu. Ṣùgbọ́n owó gọbọi ni iṣẹ́ yìí ń gbà, nígbà tí adágún tí àwọn baba ńlá gbẹ́ kò béèrè ju kí a má dí i lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, omi kò lọ́tàá. Àwa ènìyàn ni a máa ń sọ ara wa di ọ̀tá omi. Ìlú tí ó bá ń di ojú omi nítorí ilé kíkọ́, ní ìgbà òjò yóò rì, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn òùngbẹ yóò gbẹ ẹ́. Chennai ti rí méjèèjì láàárín ọdún mẹ́rin. Kí ìlú yòówù tí ó wà létí òkun fi í ṣe àríkọ́gbọ́n.