Irọ́ Tó Di Òfin: Ìwé Ìròyìn, Ìpayà àti Egbòogi Afọkànhàn



Ní oṣù kìíní ọdún 1968, ìròyìn kan gba gbogbo Amẹ́ríkà kan. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania lo LSD, wọ́n dùbúlẹ̀ sórí koríko, wọ́n tẹjú mọ́ oòrùn títí ojú wọn fi fọ́ pátápátá. Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ náà wá kì í ṣe aláròkiri. Ọ̀gá ni ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó àwọn afọ́jú ní ìpínlẹ̀ náà. Gómìnà Raymond Shafer alára sọ fún àwọn akọ̀ròyìn pé òun gbà á gbọ́. Kò pẹ́ tí Gómìnà kan náà fi padà wá sọ pé àwọn aṣèwádìí òun ti tú iṣu dé ìsàlẹ̀ ìkòkò: kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan, kò sí ojú tó fọ́. Ọ̀gá yẹn ló hun ìtàn náà látòkèdélẹ̀.

Kí ló dé tó fi ṣe é? Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lórí àwọn ọ̀dọ́ tó ń lo egbòogi yìí, ó wá ohun tí yóò dẹ́rù bà wọ́n. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Irọ́ tí ènìyàn burúkú pa kì í ṣòro láti kọ̀. Èyí tí ẹni rere pa nítorí ọmọ ọlọ́mọ ni gbogbo wa máa ń gbà wọlé láìbi í léèrè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Albert Hofmann, onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé iṣẹ́ Sandoz ní ìlú Basel ní Switzerland, ló kọ́kọ́ pò LSD ní 1938. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin 1943, ó fi ara rẹ̀ dán an wò. Máíkírógíráàmù 250 ló lò, ìwọ̀n tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí, ó sì rò pé òun ṣọ́ra. Orí kẹ̀kẹ́ ni òun àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ gbà délé. Obìnrin aládùúgbò tó gbé mílíìkì wá fún un dà bí àjẹ́ lójú rẹ̀. Ó rò pé ikú ti dé. Nígbà tí dókítà wọlé, kò rí nǹkan kan ju ọmọlójú rẹ̀ tó fẹ̀ lọ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Mo sọ èyí nítorí pé ẹ̀rù wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé egbòogi yìí kò lẹ́rù, ó ń tàn yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí dókítà, ilé tó pa rọ́rọ́ àti ẹni tó mọ iṣẹ́ lè bá ènìyàn gbé yàtọ̀ sí ẹ̀rù tí ìwé ìròyìn ń tà.

Humphry Osmond, dókítà ọpọlọ tó ṣiṣẹ́ ní Saskatchewan ní Kánádà, ló fún LSD àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè wọ́n, psychedelic, ní 1957. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ló ti fà á yọ: ohun tó ń fi ọkàn hàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè wọ́n ní egbòogi afọkànhàn. Osmond àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi LSD tọ́jú àwọn tí ọtí ti di bárakú fún. Láti 1950 dé àárín àwọn ọdún 1960, ìwé ìwádìí tó jáde lórí fífi egbòogi afọkànhàn tọ́jú aláìsàn ju 1,000 lọ. Àkókò kan wà tí ó jẹ́ iṣẹ́ dókítà lásán.

Ìgbà tó jáde sí ìta ni ariwo sọ. Ní oṣù kẹrin 1966, ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún kan ní Brooklyn gbé ṣúgà tí wọ́n ti kán LSD sí mì. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn kò jẹ́ kó sinmi. Ní oṣù kan náà, Sandoz ṣíwọ́ fífún àwọn aṣèwádìí ní egbòogi náà. Nígbà tó di ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá, California ti fòfin dè é. Ẹ wò ó, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yẹn dùn mí gan-an, mo sì rò pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́ nínú rẹ̀ kọ́ ló wà níbẹ̀. Oògùn tí a tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn kì í bọ́ sí ọwọ́ ọmọdé. Èyí tí a ń fi pamọ́ fún ọlọ́pàá ló ń bọ́ sí i.

Ti ọdún 1967 ló wá burú jù. Ní oṣù kẹta, ìwé àtìgbàdégbà Science tẹ iṣẹ́ kan jáde. Àwọn aṣèwádìí fi LSD sínú ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ìgò, wọ́n rí i pé kírómósóòmù ń ya. Wọ́n tún wo ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ọpọlọ kan ṣoṣo tó ti gba LSD léraléra. Ẹ̀jẹ̀ inú ìgò àti ènìyàn kan! Kò pẹ́ tí ìwé ìròyìn fi ń kìlọ̀ pé ọmọ abirùn ni àwọn ọ̀dọ́ yìí yóò máa bí. Ní 1971, nínú Science kan náà, Norman Dishotsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó gbogbo ìwádìí tó wà nílẹ̀ jọ, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, wọ́n ní LSD tí kò lábùlà, ní ìwọ̀n tó mọ, kì í ba kírómósóòmù ènìyàn jẹ́.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ bá eléyìí lóòótọ́, ọdún mẹ́rin péré ló gbà á. Ṣùgbọ́n kó tó dé, Ààrẹ Nixon ti fọwọ́ sí òfin ní oṣù kẹwàá 1970. LSD àti psilocybin, èròjà inú olú kan tí àwọn ará Mexico ti ń lò fún ìwòsàn tipẹ́, bọ́ sí ìpele kan náà pẹ̀lú heroin, ìpele ohun tí òfin ní kò wúlò fún ìṣègùn rárá. Ní 1971, àwọn orílẹ̀-èdè jókòó ní Vienna, wọ́n sọ ọ́ di àdéhùn àgbáyé. Ìṣèlú àkókò náà wà nínú rẹ̀, n kò ní di gbogbo ẹ̀bi ru akọ̀ròyìn. Ṣùgbọ́n ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí iṣẹ́ àwọn dókítà yẹn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán, àwọn aláìsàn ló sì san gbèsè rẹ̀.

Ẹ̀bi àwọn olùfẹ́ egbòogi náà wà ńbẹ̀ pẹ̀lú, mi ò sì gbọdọ̀ fi bò. Timothy Leary, olùkọ́ tí Yunifásítì Harvard lé lọ ní 1963, ń pòkìkí LSD fún àwọn ọ̀dọ́ bí ẹni pé kò sí ẹni tí kò yẹ kó lò ó. Ní ọjọ́ Jímọ́ Rere ọdún 1962, àwọn aṣèwádìí fún akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀sìn mẹ́wàá ní psilocybin nínú ilé ìjọsìn Marsh Chapel ní Boston. Ẹ̀rù ba ọ̀kan nínú wọn débi pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi pẹ̀tù sí i. Wọn kò sọ ọ́ fáyé gbọ́. Ọdún 1991 ni àṣírí náà tó tú. Ẹni tó fi jàǹbá pamọ́ àti ẹni tó dá jàǹbá sílẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́, aláìsàn kò lè gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀kankan nínú wọn.

Roland Griffiths, aṣèwádìí ní Yunifásítì Johns Hopkins, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2006 ó tẹ iṣẹ́ tó fi psilocybin ṣe lórí ènìyàn 36 jáde, ó sì kọ ọ́ síta pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ni ẹ̀rù ńlá bà. Ní 2016, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé lórí ènìyàn 51 tí jẹjẹrẹ ń yọ lẹ́nu, tí ìrònú ikú kò jẹ́ kí wọ́n sùn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìsoríkọ́ àti ìbẹ̀rù wọn ṣì dínkù. Wọ́n yan àwọn ènìyàn náà: ẹni tí wèrè wà nínú ìdílé rẹ̀ kò wọlé. Ènìyàn méjì ló jókòó ti olúkúlùkù láti òwúrọ̀ títí ojú rẹ̀ fi wálẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni lílò tó bófin mu ṣe rí. Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà dìbò fún lílo psilocybin lọ́nà yìí ní 2020. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 kò lè wọlé, ẹni tó ní ìwé àṣẹ ló ń bójú tó o, kò sì sẹ́ni tó lè gbé e lọ sílé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2023, Australia gba àwọn dókítà ọpọlọ tó ní àṣẹ láyè láti fi psilocybin tọ́jú ìsoríkọ́ tí oògùn mìíràn kò ràn.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílé wa ní Nàìjíríà wá ńkọ́? Òfin tó dá NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, sílẹ̀ ní 1989 ka LSD mọ́ kokéènì àti heroin nínú gbólóhùn kan náà. Ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó bá kó o wọlé tàbí tó ṣe é. Nítorí náà ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má ra ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lábẹ́ bíríjì, ẹ má sì já olú inú igbó jẹ. Kì í ṣe pé kí ẹ lò ó ni mo wá sọ. Ohun tí mo ń wí ni pé ìlú tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abúlé Aro ní Abẹ́òkúta ní 1954, tí aláìsàn ọpọlọ ń gbé láàárín ará abúlé, tí ẹbí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mọ ohun tí ìjókòó tini ń ṣe fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú. Kò yẹ kó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni yóò máa ṣèwádìí fún wa.

Ẹ̀yin aṣòfin, ẹ ya ìwádìí ilé ìwòsàn ìkọ́ni sọ́tọ̀ kúrò nínú òfin oníṣòwò oògùn. Ẹ̀yin akọ̀ròyìn, ọ̀gá tó hun ìtàn oòrùn yẹn kò dárúkọ ilé ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà náà ti wá, síbẹ̀ ìwé ìròyìn tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí irú rẹ̀ bá dé orí tábìlì yín, ẹ béèrè orúkọ ilé ìwé náà. Ẹ béèrè dókítà tó yẹ ojú wọn wò, kí ẹ sì dúró de ìdáhùn.