Fọ́tò Oká Láìfọwọ́kan Oká

Ọ̀pọ̀ fọ́tò ejò olóró tó máa ń jọ wá lójú, ńṣe ni wọ́n to ejò náà síbẹ̀. Wọ́n á fi ọ̀pá oníkọ́ gbé e kúrò níbi tó sùn sí, wọ́n á dé nǹkan bò ó títí yóò fi ká jọ, wọ́n á ṣí i, wọ́n á yà á. Ewu inú èyí kò fara sin. Ẹjọ́ tèmi yàtọ̀: bí kò tilẹ̀ bu ẹnikẹ́ni jẹ, fọ́tò bẹ́ẹ̀ ti ba ẹ̀rí tí a torí rẹ̀ wọ igbó jẹ́.

Ẹ wo oká. Eyín oró rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5, kò sì sí ejò tí eyín rẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ kì í lépa ẹnikẹ́ni. Inú ewé gbígbẹ ló máa ń ba sí de eku. Ní 2013, àwọn onímọ̀ tó yẹ awọ oká ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà wò ròyìn pé àwọn nǹkan tíntìntín tó rí bí ewé wà lórí ìpẹ́ dúdú ara rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kó sáàárín wọn, agbára káká ni yóò fi jáde. Dúdú biribiri yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àwọ̀ yòókù, ni kì í jẹ́ kí ojú mọ ibi tí ara ejò parí sí. Gbé oká náà sórí ewédò tútù, iṣẹ́ tí awọ yẹn ń ṣe parí nìyẹn. Irú ewé wo ló sùn sí? Ìbòòji mélòó ló bò ó? Ibo ló kọjú sí? Fọ́tò kò lè sọ ọ́ mọ́. Lẹ́ǹsì tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra wà. Ẹni tó bá fi í yà á láti òkèèrè, tí ẹnì kejì sì ń bá a ṣọ́ ilẹ̀, yóò rí gbogbo èyí.

Àwọn kan yóò ní a kò lè mọ ẹ̀yà ejò mìíràn láìka ìpẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni, ẹni tó fẹ́ sọ ẹ̀yà tuntun lórúkọ gbọ́dọ̀ mú un. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn kì í ṣe ti oníkámẹ́rà, awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀ pàápàá sì ní DNA nínú. Ẹ sì wo ewu tó wà nínú fífi ọwọ́ mú ejò: ní oṣù kẹsàn-án 2001, Joseph Slowinski ti California Academy of Sciences ki ọwọ́ bọ àpò kan ní Myanmar, Bọ́mà tí àwọn bàbá wa lọ jagun. Wọ́n ti sọ fún un pé ejò inú rẹ̀ kò lóró. Àṣé krait ni, ejò olóró. Ojú ọjọ́ kò jẹ́ kí hẹlikọ́pítà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì kú. Ọ̀gá nínú ìmọ̀ ejò ni o. Nílé wa níbí pàápàá, oògùn kò kápá oró gbogbo ejò: oró ejò mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe EchiTAb-Plus-ICP, oògùn tí wọ́n fi ń wo ẹni tí ejò bù jẹ. Ti mamba, ejò olóró mìíràn, kò sí níbẹ̀.

Àtakò tó le jù ni pé fọ́tò tó fi ibùgbé ejò hàn lè júwe ọ̀nà fún àwọn tó ń mú ejò tà. Mo gbà. Nígbà tí wọ́n kéde ẹ̀yà ejò tuntun kan, Atheris matildae ti Tanzania, ní 2011, wọn kò sọ ibi tí wọ́n ti rí i, nítorí àwọn oníṣòwò yìí. Nítorí náà, ẹ pa GPS kámẹ́rà kí ẹ tó yàwòrán. Inú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ yín ni kí ẹ kọ ibẹ̀ sí.