Ẹja Tí Ó Padà Sódò

Nínú odò Teuchitlán ní Mẹ́síkò, ẹja kékeré kan wà, tí akọ rẹ̀ fi àwọ̀ ọsàn ṣe ìgbátí ìrù, tí omi ìdọ̀tí àti ẹja àjèjì ti pa run níbẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti àwọn tó ń sin ẹja sínú àpótí gíláàsì nítorí afẹ́ lásán, tí wọ́n sì ń pín ọmọ rẹ̀ fún ara wọn, ìran rẹ̀ ìbá ti parẹ́. Àgbájọ ọwọ́ mà la fi ń sọ àyà! Ní 1998, akọ márùn-ún àti abo márùn-ún péré ni wọ́n gbé láti Ìlú Ọba dé yunifásítì Michoacán. Lẹ́yìn tí wọ́n bí sí i níbẹ̀, nǹkan bí 1,500 ni wọ́n dá padà sódò.