Ẹni Tí Ń Mu Ọtí Níwọ̀nba: Kí Ni Èrè Rẹ̀ Bí Ó Bá Fi Í Sílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ọtí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná láàárín àwọn Yorùbá. Láti ara ọ̀pẹ ni wọ́n ti ń dá ẹmu. Àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Síbẹ̀, àwọn baba ńlá kò di ojú sí ewu rẹ̀. Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ sọ pé ẹmu ni Ọbàtálá mu tí ó fi sùn lọ nígbà tí Olódùmarè rán an láti wá dá ilẹ̀ ayé, tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ náà ṣe. Títí di òní olónìí, èèwọ̀ ni ẹmu fún àwọn olùsìn Ọbàtálá.

Kì í ṣe ọ̀mùtí paraku ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Ẹni tí ó kàn ni ẹni tí ń mu igo bíà kan nírọ̀lẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀, tí kì í bá ará ilé jà, tí kì í sì í pa iṣẹ́ jẹ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa béèrè pé, 'Èmi tí n kì í yó, nítorí kí ni n ó ṣe fi í sílẹ̀?' Ìbéèrè náà tọ́, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn.

Ìdáhùn kìíní wà nínú ìṣirò. Igo bíà ńlá gba 60 sẹ̀ntílítà. Bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 5 nínú 100, 30 mílílítà ọtí pọ́ńbélé ni ó wà nínú igo kan. Ìmọ̀ràn tí àwọn àgbà oníṣègùn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní ọdún 2016 ni pé kí ènìyàn má ṣe mu ju 140 mílílítà lọ lọ́sẹ̀. Igo márùn-ún ti kọjá ìyẹn. Ẹni tí ń mu igo kan lálaalẹ́ ti mu 210 kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìdáhùn kejì ni ti àrùn. Bí ọtí bá dé inú ara, ẹ̀dọ̀ a sọ ọ́ di oró kan tí ń jẹ́ acetaldehyde, tí ó lè ba ara jẹ́. Láti ọdún 1988 ni ẹ̀ka ìwádìí jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka ọtí mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Lára ibi tí ó ń bá jà ni ẹnu, ọ̀fun, ẹ̀dọ̀, ìfun ńlá àti ọmú obìnrin. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, àjọ náà kéde pé kò sí ìwọ̀n ọtí tí kò léwu fún ìlera.

Àwọn kan a máa sọ pé ọtí díẹ̀ dára fún ọkàn. Òótọ́ ni pé àwọn ìwádìí àtijọ́ kan sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú púpọ̀ nínú wọn, wọ́n ka àwọn tí àìsàn ti mú kí wọ́n fi ọtí sílẹ̀ mọ́ àwọn tí kì í mu ún. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ara àwọn tí ń mu díẹ̀ dàbí ẹni pé ó le ju tiwọn lọ.

Kí wá ni èrè rẹ̀? Ẹ wo olùkọ́ kan tí ń ti ilé-ìwé yà sí ilé ọtí lójoojúmọ́. Bí ó bá padà délé, ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a wà nílẹ̀ láìmáàkì, ọmọ rẹ̀ a sì ti sùn lórí ìṣirò tí ó fẹ́ bi í. Òun pàápàá a sùn kíákíá, ṣùgbọ́n ọtí kì í jẹ́ kí oorun jinlẹ̀; a jí lóru, a sì rẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. Bí ó bá jáwọ́, oorun rẹ̀ lè dára sí i, ẹ̀jẹ̀ ríru lè lọ sílẹ̀, owó a dúró lápò, wákàtí méjì a sì padà sọ́wọ́ rẹ̀ lálaalẹ́. Ọmọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà. Ẹni tí ó ti ń mu ọtí púpọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìrí dókítà, nítorí gìrì lè mú un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń mu níwọ̀nba lè gbìyànjú oṣù kan péré. Bí ó bá rọrùn fún un, ó ti jèrè. Bí ó bá sì nira, ó ti mọ̀ pé ọtí tí òun rò pé òun ń mu ti ń mu òun.