Ọwọ́ Tí Ó Mú Ẹyẹlé Dé Iwájú Ifá

   

Àwọn Yorùbá ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kí ó bá onílé mu, kí ó di ọjọ́ ikú kí ó yẹrí. Òwe náà yin ẹyẹlé fún ìṣòótọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí onílé jẹ ẹyẹlé ní gbèsè. Orí gbèsè yìí ni ọ̀rọ̀ òní dá lé. Láti ìgbà tí ọwọ́ bá ba ẹyẹlé nínú ilé rẹ̀ títí di ìgbà tí yóò fi dé iwájú Ifá, tàbí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń bọrí, báwo ni ó ṣe yẹ kí wọ́n mú un?

Ní Ìbògùn àti àwọn abúlé tí ó yí i ká ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Ẹni tí ó bá ń ti Mòwé, Ìbàfò tàbí Ifọ̀ gbé ẹyẹlé bọ̀ lórí ọ̀kadà tàbí nínú mọ́tò akérò lè pẹ́ lójú ọ̀nà, nínú oòrùn àti sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ. Kò sí àgbà awo tí ó fẹ́ kí wọ́n ṣí agbọ̀n, kí wọ́n bá òkú ẹyẹlé níbẹ̀. Owó ti lọ, ẹ̀mí ti lọ, ẹbọ kò sì tíì kúrò nílẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí olùmú ẹyẹlé mọ̀ ni bí ẹyẹ ṣe ń mí. Ènìyàn ní iṣan pẹlẹbẹ kan lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró tí ó ń bá a fa èémí sínú. Ẹyẹlé kò ní irú rẹ̀. Eegun àyà rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ máa lọ, kí ó máa bọ̀, kí afẹ́fẹ́ tó lè wọlé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá di àyà ẹyẹlé mú pinpin ti dí i lọ́nà èémí, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ rárá. Bí ẹyẹlé bá ṣe bí ẹni tí ó ṣàdédé kú lọ́wọ́ ọmọdé, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ibi tí ìka ọmọ náà wà.

Ìgbà tí ó dára jù láti mú un ni àṣálẹ́, tàbí ìdájí kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí gbogbo agbo wà nínú ilé. Ẹyẹlé kò ríran dáadáa nínú òkùnkùn, nítorí náà kì í fẹ́ fò. Kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n dín iná kù, kí ẹnì kan ṣoṣo wọlé, kí ó sì ti mọ èyí tí yóò mú kí ó tó nawọ́. Lílé ẹyẹ káàkiri ilé ni ó ń mú kí wọ́n fara gbá ògiri, tí ẹyin fi ń fọ́. Kí olùmú fi ọwọ́ méjèèjì bò ó láti òkè, kí apá rẹ̀ méjèèjì pa mọ́ ara, kí ó sì gbé e. Kò gbọdọ̀ fa ìrù, kò gbọdọ̀ fa apá kan, kò sì gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan gbé e. Ìyẹ́ ìrù àti ti ìdí ẹyẹlé máa ń tètè yọ. Ọgbọ́n tí ó fi ń bọ́ lọ́wọ́ àṣá àti ológbò nìyẹn. Ẹni tí ó bá fa ìrù rẹ̀ yóò rí i pé ìyẹ́ nìkan ni ó kù lọ́wọ́ òun, ẹyẹ á sì ti wà lórí àjà.

Kí wọ́n ṣọ́ra fún èyí tí ó ń sàba. Ẹyin méjì ni ẹyẹlé sábà máa ń yé, takọtabo sì ni wọ́n jọ ń sàba lé wọn fún nǹkan bí ọjọ́ 18. Akọ a máa gba ojúmọmọ, abo a sì gba òru. Ẹyẹ tí wọ́n bá bá lórí ẹyin lálẹ́, ìyá ni. Kí wọ́n fi í sílẹ̀. Nígbà tí ẹyin bá pa, bàbá àti ìyá ni wọ́n ń pọ oúnjẹ funfun bíi wàrà láti inú àpò oúnjẹ ọrùn wọn fún ọmọ. Ẹbọ tí ènìyàn fẹ́ fi tọrọ ọmọ kò yẹ kí ó sọ ọmọ ẹlòmíràn di aláìníyàá.

Lẹ́yìn mímú ni dídìmú. Kí ẹyẹ náà jókòó sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bọ́ sí àárín ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín, kí àtàǹpàkò sì kọjá sórí ṣóńṣó apá àti ìdí ìrù. Kí ọwọ́ kejì gbé àyà rẹ̀ ró láìfún un. Apá kò ní lè ṣí, èémí yóò sì máa lọ geere. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: òwe náà bá ẹyẹlé wí gan-an.

Ní ti ìrìn àjò, agbọ̀n tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbẹ, tí wọ́n sì fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò, ni ó yẹ. Kí wọ́n má ṣe dì í sínú ọ̀rá, kí wọ́n má ṣe lọ́ apá rẹ̀ mọ́ra, kí wọ́n má sì so ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ ọwọ́ ọ̀kadà, kí orí máa dorí kodò. Ẹyẹ kì í làágùn. Bí ó bá ya ẹnu, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ooru ti mú un. Kí wọ́n gbé e sí ibòji kíákíá. Kí wọ́n má ṣe da omi sí i lẹ́nu, nítorí omi lè gba ọ̀nà èémí lọ. Ẹyẹlé kì í gbé orí sókè mu omi bí adìẹ. Ṣe ni ó ń ti ẹnu bọ omi, tí ó ń fà á. Abọ́ tí ó jìn tó láti gba ẹnu rẹ̀ ti tó.

Bí ìwúre yóò bá pẹ́, kí ẹyẹ wà nínú agbọ̀n títí àkókò rẹ̀ yóò fi tó. Bí wọ́n bá fẹ́ fi kan orí, kí èékánná rẹ̀ má kọjú sí ojú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo ẹni tí ó fọwọ́ kàn án fi ọṣẹ fọwọ́. Ẹni tí yóò gbá ilé ẹyẹlé, kí ó bo imú, kí ó sì wọ́n omi sílẹ̀ kí ó tó gbálẹ̀, nítorí eruku ìgbẹ́ ẹyẹ lè kó àrùn bá ẹ̀dọ̀fóró.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ rí. Ní ọdún 1987, ìgbìmọ̀ ìlú Hialeah ní Florida, Amẹ́ríkà, ṣòfin tí ó ka fífi ẹran rúbọ léèwọ̀, nígbà tí àwọn ẹlẹ́sìn Lukumí, tí ìsìn wọn ti ilẹ̀ Yorùbá gba Kúbà débẹ̀, fẹ́ ṣí ilé ìsìn síbẹ̀. Ẹyẹlé wà lára ohun tí wọ́n fi ń rúbọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1993, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fẹnu kò pé òfin náà tẹ ẹ̀tọ́ ẹlẹ́sìn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kan náà sọ pé bí ìtọ́jú ẹran ni ó ń ká ìlú lára, orí ìtọ́jú ni kí ó ṣòfin lé, láìka ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní ẹran sí. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, abala 495 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn ka fífìyà jẹ ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀tọ́ láti rúbọ wà. Ẹ̀tọ́ láti fìyà jẹ ẹran ẹbọ kò sí.

Àlejò àti olùṣèwádìí tí ó bá wá sí ọdún yóò gbọ́ ẹsẹ Ifá, yóò sì gbọ́ ìlù. Bí ó bá tún rí i pé ẹyẹlé dé ojúbọ láìfarapa, tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nínú ọwọ́ tí ó gbé e, yóò mọ̀ pé ìwà tí Ifá ń kọ́ni kò dúró sórí ahọ́n. Nígbà náà, bí ẹyẹlé kò ti yẹrí fún onílé, onílé náà kò yẹrí fún ẹyẹlé.