Díìnì Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ àti Iṣẹ́ Rẹ̀



Gbogbo wa ni a mọ Gíwá Yunifásítì Ìbàdàn. A sì mọ̀ pé olùkọ́ wà tí ń kọ́ ọmọ wa ní ìwé. Ṣùgbọ́n ta ni ń béèrè ibi tí ọmọ náà sùn, ohun tí ó jẹ, àti ẹni tí yóò fi ẹjọ́ sùn bí ìyà bá ń jẹ ẹ́? Díìnì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé ní ọdún 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 péré ni ó ní. Ọ̀gá kan lè mọ orúkọ gbogbo wọn. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n. Nítorí náà ni ó fi di dandan kí ẹnìkan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígbọ́.

Ẹ rántí ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1971. Ọ̀ràn oúnjẹ ni ó dá a sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé Nnamdi Azikiwe ń fẹ́ kí a mú alábòójútó oúnjẹ wọn kúrò. Ẹjọ́ tí à bá parí nídìí ìkòkò ọbẹ̀ di ìwọ́de. A pe ọlọ́pàá, ìbọn dún, Kúnlé Adépéjú sì kú. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Kazeem, ṣùgbọ́n òkú ti sùn ná. Orúkọ ọmọ náà ni a fi pe ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ títí di òní. Ní ọdún 2017 ẹ̀wẹ̀, ọ̀ràn káàdì ìdánimọ̀ wà nínú ohun tí ó fa ìwọ́de, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ dúró. Oúnjẹ àti káàdì! Ohun kékeré ni lójú àgbà.

Ní Ìsàlẹ̀ Òsì níhìn-ín, bí ọmọ ilé bá ṣẹ̀, mọ́gàjí kì í kọ́kọ́ sáré pe ọlọ́pàá. Yóò jókòó, yóò gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, nítorí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ọmọ bá sì jẹ̀bi, yóò bá a wí lójú gbogbo ilé. Irú ipò Díìnì nìyẹn, àfi pé tirẹ̀ nira jù, nítorí àwọn aláṣẹ ni ó fi í sípò. Àwọn ọmọ a máa fojú amí wò ó. Àwọn aláṣẹ a máa fojú ọlọ̀tẹ̀ wò ó. Síbẹ̀, lójú tèmi, Díìnì tí kò lè wí fún Gíwá pé, “Ẹjọ́ àwọn ọmọ yìí tọ́,” kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ̀yin olóyè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Ìgbà tí a bá fẹ́ lé ọmọ kúrò nítorí magomágo ìdánwò ni àwa àgbà ń wá ojú Díìnì. Ẹ jẹ́ kí a yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò lọ kí i kí sáà tuntun tó wọlé, kí wọ́n sì béèrè nípa àwọn ọmọ àdúgbò wa tí kò rí yàrá nínú ọgbà, tí wọ́n ń háyà ilé ní Àgbòwó. Akọ̀wé wà níhìn-ín pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Kí ó gba orúkọ àwọn tí yóò lọ.